Ọ̀gá Mi, Ẹ Wo Ilẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Onítẹ̀wé Kan ní Ladi-Lak

Ọ̀gá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ, ẹ kú ìdúró. Ẹ má rò pé mo kàn ń kí yín lásán o. Ìdúró yẹn gan-an ni mo bá wá, torí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ pé ìdúró yín ò dúró mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù. Mo pè. Bí mo bá ti dárúkọ ẹsẹ̀ báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á bàjẹ́. Bí mo bá dárúkọ owó tẹ́ ẹ jẹ mí, ó tún máa ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní oníṣẹ́ kan wà tó fẹ́ san àsansílẹ̀, ohùn yín á mọ́ gaara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé ẹ ó rí i, torí kò sí ìwé kan tó kọjá níwájú yín tí ẹ kì í gbé síbi iná láti wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ bọ́ síra. Bẹ́ ẹ bá ti ń wá àṣìṣe onítẹ̀wé ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní Ladi-Lak, ní Bàrígà l'Ékòó níbẹ̀, ni pé ẹ ti ń mutí. Wọ́n ní láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu, ẹ ti ń ya sọ́tùn-ún ya sósì. Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù yín búra pé ògógóró ni. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ yín títí tẹ́ ẹ fi ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún mi mọ̀ pé ẹ kì í mu ju Malt lọ. Malt ọ̀hún náà sì lọ́rọ̀ nínú, a óò débẹ̀. Ẹ̀yin náà dá wọn lóhùn, ẹ ní ìrìn àgbà ni, pé àgbà kì í kánjú. Òótọ́ ni, àgbà kì í kánjú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í fi èjìká gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ilé ìtọ̀.

Ti bàtà yẹn ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ẹ kọjá lára àwọn tó ń gé pépà, ẹ fo gọ́tà tí sílábù rẹ̀ ti kán, ẹ kí ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ tún dúró bá oníkẹ̀kẹ́ kan jiyàn lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló wá pariwo pé, “Bàbá, bàtà yín kan dà?” Ẹ wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ sílípáàsì, ẹsẹ̀ òsì wọ eruku. Ọmọ kékeré kan ti ń gbé ìkejì bọ̀ lẹ́yìn yín láti ìdí gọ́tà, ó rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ ọ ni. Ilẹ̀ Bàrígà lọ́sàn-án, tí ewúrẹ́ pàápàá ń gbẹ́sẹ̀ sókè lórí rẹ̀, ẹ rìn ín ní ẹsẹ̀ lásán, ẹ ò mọ̀. Ẹ wá rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹsẹ̀ yín ti di ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ọkọ́ rí láyé yín!

Bàtà tó bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tí ẹni ò mọ̀, àwọn dókítà kì í fi rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ti kú nìyẹn, kódà bí agbára bá ṣì wà nínú rẹ̀ tó lè fi gba bọ́ọ̀lù.

Ìyàwó yín ló sọ ti balùwẹ̀ fún mi, ẹ má bá wọn jà. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá ti fi ọṣẹ bọ́jú, tẹ́ ẹ dijú, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ á dún gbàà. Ẹ ní ọṣẹ ló ń yọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ọṣẹ. Ẹ ní ilẹ̀ ni. Wọ́n tẹ́ ráàgì onírọ́bà. Ilẹ̀kùn ò yéé dún. Ọ̀gá mi, ọṣẹ ò jẹ̀bi. Dókítà kan wà nílùú Berlin ní Jámánì láyé àtijọ́, Moritz Romberg lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé tó kọ láàárín 1840 sí 1846, ó sọ nípa àwọn aláìsàn tó lè dúró dáadáa bí ojú wọn bá là, ṣùgbọ́n tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí wọ́n bá dijú, tí wọ́n á fẹ́ ṣubú. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àyẹ̀wò náà. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Pa ẹsẹ̀ pọ̀, dúró, dijú, kí dókítà máa wò ọ́. Ẹ̀yin ń fi ọṣẹ ṣe é láràárọ̀, ilẹ̀kùn sì ń kígbe èsì rẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ. Gbogbo ojúlé á pariwo “Ha, NẸ́PÀ!” Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń dákẹ́, torí ẹ ń wá ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ wa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń jágbe mọ́ wa lórí rẹ́jísítà. Búlúù wà láyè rẹ̀, pupa wà láyè rẹ̀, yẹ́lò wá yẹ̀ báyìí, ó kéré bí irun. Ojú ìyàwó inú káàdì di méjì, oníṣẹ́ ní òun ò gbà á. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ìròyìn tó ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bọ́ síra kí ènìyàn tó lè dúró. Ti ẹsẹ̀ yín ló yẹ̀. Ojú wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ tirẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ẹ̀yin, ojú lẹ fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá dijú, tàbí tí òkùnkùn bá ṣú, inú etí nìkan ló kù, òun nìkan ò sì lè dá a ṣe.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kò fara sin. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ibẹ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn ló gùn jù nínú ara. Lára ẹni tó ga bíi tiyín, ó tó mítà kan. Èyí tó gùn jù ni ìyà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí sọ́kìsì ń dé. Bó bá ti fẹ́ dé orúnkún, orí ìka ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìbéèrè kan lórí ìyẹn, ẹ má pa irọ́ fún mi: ṣé ọwọ́ yín ṣì ń mọ pépà 70 gíráàmù yàtọ̀ sí 80? Tẹ́lẹ̀, ojú lẹ máa ń dì, tẹ́ ẹ á fi àtàǹpàkò àti ìka kan fà á, tẹ́ ẹ á sì sọ bó ṣe nípọn tó kí ẹni tó ń tà á tó yanu. Bí ìyẹn bá ti lọ, ẹ tètè sọ.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ gbígbóná lọ́sàn-án, òun ló ń jó yín lóru tẹ́ ẹ fi ń ti aṣọ ìbora kúrò. Ẹ ní ìyẹn ló fi hàn pé kò kú. Ó fi hàn pé ó ń kú lọ́wọ́ ni. Iṣan tó ń bàjẹ́ kì í dákẹ́. Irọ́ ló ń pa fún ọpọlọ, á ní iná ń jó níbi tí iná ò sí, á ní abẹ́rẹ́ ń gún níbi tí kò sí abẹ́rẹ́. Oògùn wà fún oró yẹn lọ́dọ̀ dókítà. Egbòogi tí wọ́n ń polówó nínú dáńfó kọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣan. Ẹ ní ẹ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, pé onítẹ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ ló da nǹkan sẹ́nu ọ̀nà. Ní Ṣómólú? Níbi tí gbogbo ilé jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onítẹ̀wé, tí olúkúlùkù ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Bí gbogbo ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ bá ń da oògùn sílẹ̀, ta ni ì bá lè rìn dé Palmgrove nínú wa? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbo. Jẹ̀díjẹ̀dí tí a ń di gbogbo ẹ̀bi lé lórí! Ẹ̀yìn ń dunni, òun ni. Ojú ń ṣú, òun ni. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ ní òun náà ló jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ mí ní gbèsè.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹjọ́ tó ní láárí. Ẹ dá ẹ̀bà lẹ́bi.

Ẹ jókòó, ẹ má tíì bínú. Ọmọ Òkè-Mèsí kan, ará Èkìtì wa, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun. Wọ́n bí i ní 1935, ó sì kú ní 1995. Onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ni, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó ń rí àwọn aláìsàn kan ṣáá: àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó wọn, ilẹ̀ ò yé ẹsẹ̀ wọn mọ́, wọ́n ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di. Ó kọ ọ́ jáde ní 1968 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brain. Kò jókòó sí ọ́fíìsì. Ó tọ àìsàn náà lọ sílé rẹ̀, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó dé Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yín níbẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ lálẹ́.

Sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, májèlé ni. Rírin, fífi sílẹ̀ kó kan, fífún un gbẹ àti yíyan rẹ̀ lágbada ló ń lé e jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara lè pa á bí ẹni náà bá ń rí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà jẹ dáadáa. Ohun tí Ọ̀ṣúntókun rò ni pé díẹ̀díẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù yẹn, lára ẹni tí kò rí ẹja jẹ tó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń ba iṣan jẹ́. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn ti bá a jiyàn lórí rẹ̀, ẹjọ́ náà ò tíì tán. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ò dúró de ìdájọ́. Nígbà tí Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òsósà, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 ni pé nínú àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí ẹni 6 nínú 100 ló ní in. Nínú àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 60 sí 69, 24 nínú 100 ni.

Mo máa ń ro ti àwọn ìyá yẹn. Obìnrin kan nínú mẹ́rin tó ń lọ sọ́jà lágbo ọjọ́ orí yẹn, ilẹ̀ ò yé e lẹ́sẹ̀. Ta ló bi í? Wọ́n á ní ogbó ló dé. Òun náà á ní ogbó ló dé.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé Èkìtì ò mọ̀ ju iyán lọ, ẹ ṣe é dáadáa: Èkìtì oníyán ló wá bẹ ẹsẹ̀ yín wò nílé. Kí wọ́n má bàa ní mo ba ọjà yín jẹ́, mo gbà pé gàrí Ìjẹ̀bú máa ń pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, kíkan rẹ̀ yẹn gan-an sì ń dín májèlé náà kù. Èyí tí ẹ ń rẹ mu lọ́sàn-án, ẹ fi ẹ̀pà àti ẹja sí i. Kúùbù ṣúgà mẹ́fà ni kẹ́ ẹ yọ kúrò.

Bí ẹ ò bá sì fẹ́ dá oúnjẹ lẹ́bi, pẹtiróòlù wà. Ní 1973, níléeṣẹ́ kan nílùú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ onírọ́bà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n lé ní 80 kó tó tán. Àwọn tó wà nídìí títẹ̀ ló pọ̀ jù. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pò mọ́ íńkì, tí wọ́n tún fi ń fọ ẹ̀rọ, ni wọ́n mú. Methyl n-butyl ketone ni wọ́n ń pè é. Kẹ́míkà mìíràn wà, n-hexane, tó wà nínú pẹtiróòlù àti nínú oríṣi gọ́ọ̀mù kan; nígbà tí méjèèjì bá wọnú ara, ohun kan náà ni ara ń sọ wọ́n dà, ohun náà ló ń pa iṣan. Mo ṣì ń rí yín: àkísà lọ́wọ́, ẹ ti rì í sínú kọ́ńgò pẹtiróòlù, ẹ ń nu rólà, ẹ ti fèrèsé torí eruku, ẹ ń fa òórùn rẹ̀ símú, ẹ ní òórùn owó nìyẹn. Ẹ ṣí fèrèsé. Bí kò bá jẹ́ nítorí tiyín, ẹ ṣí i nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì mọ ilẹ̀.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí dókítà tẹ́ ẹ lọ rí dá lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Ó mú okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan, irú èyí tó máa ń tẹ̀ bí agbára tí wọ́n fi tì í bá ti tó ìwọ̀n gíráàmù 10, ó fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín níbì kan tẹ̀lé ibì kan. Ó ní bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ ní “bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ dákẹ́. Ó lu irin kan tó ń gbọ̀n, ó gbé e lé egungun ọmọ ìka ńlá, ó ní ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dákẹ́! Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára yín. Ẹ bá a jà níbẹ̀, ẹ ní ẹ kì í jẹ ṣúgà, pé Malt lẹ máa ń mu kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Mo gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ní láti jáde síta kó lọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí Nàìjíríà pọ̀, fi hàn pé bíi 6 nínú 100 àgbàlagbà ilẹ̀ wa ló ní in, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀. Ṣúgà tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan jẹ́, ó tún ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ iṣan jẹ́. Ẹ bi mí bóyá ẹsẹ̀ á tún padà sí bó ṣe wà. N kò ní tan yín. Èyí tó ti kú lè má jí mọ́. Èyí tó kù la ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má pa. Oògùn metformin tí wọ́n kọ fún yín nítorí àtọ̀gbẹ yẹn, ẹ máa lò ó, ẹ má sì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kẹ́ ẹ lọ dà á nù: bó bá pẹ́ lára ẹni, ó lè dín fítámì B12 kù, B12 tí kò tó náà a sì máa pa ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó.

Ó wá ku eku. Eku Bàrígà, ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò bẹ̀rù ológbò, ológbò ló ń yà fún wọn. Láti kékeré la ti gbọ́ pé bí eku bá fẹ́ jẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ lóru, á máa fẹ́ ẹ́, á máa jẹ ẹ́, kí onítọ̀hún má bàa jí. Eku ò ní láti fẹ́ tiyín. Àwọn dókítà ní Tanzania ti kọ nípa àwọn alárùn àtọ̀gbẹ tó jí láàárọ̀ tí wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí eku ti jẹ wọ́n lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í dun ẹni, ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn, torí ohun tí kò dunni la kì í tọ́jú, títí á fi kẹ̀, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gígé. Nítorí náà, lúùpù tí ẹ fi ń wo dọ́ọ̀tì inú àwòrán, ẹ gbé e sílé lálẹ́. Ẹ wo àárín ọmọ ìka, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kí ìyàwó yín kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ máa gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rántí ìdérí ìgò tí wọ́n bá nínú bàtà yín lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ ti fi rìn láti àárọ̀? Ìdérí Malt ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ló mú mi gbé gègé gan-an. Dókítà ní kẹ́ ẹ ra ọ̀pá. Ẹ ní ọ̀pá, ti arúgbó ni. Kò pẹ́ sí i la bẹ̀rẹ̀ sí í rí yín pẹ̀lú agboòrùn. Nínú ọyẹ́! Òjò ò rọ̀, oòrùn ò mú, agboòrùn ò ṣí rí, ẹnu rẹ̀ sì ń dún kò-kò-kò lórí ọ̀dà láti Ladi-Lak títí dé ọjà. Ọ̀gá mi, ta lẹ rò pé ẹ ń tàn? Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù ti ń fi ìró rẹ̀ mọ ìgbà tẹ́ ẹ ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ yín ò ṣe aláìlágbára, ọ̀pá náà ò sì wá láti gbé yín. Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì l'Amẹ́ríkà, Jeka àti Lackner, ní kí àwọn èèyàn to ẹsẹ̀ tẹ̀léra wọn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n dijú. Wọ́n ń mì. Wọ́n wá ní kí wọ́n fi orí ìka kan kan irin kan ní ẹ̀gbẹ́ wọn, fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò tó ohun tó lè gbé ọmọ tuntun dúró. Mímì náà dín kù gidigidi. Ìka náà ò gbé wọn dúró; ó kàn ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà ni. Ọwọ́ yín ṣì mọ nǹkan. Ọ̀pá ló máa gbé ìròyìn ilẹ̀ wá fún ọwọ́, kí ọwọ́ gbé e lọ sókè, kí ojú lè rí ìsinmi díẹ̀. Ọba ń mú ọ̀pá dání, bíṣọ́ọ̀bù ń mú ọ̀pá dání, n kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n lọ sinmi nítorí ogbó.

Nítorí náà, n kò ní kẹ́ ẹ sọ agboòrùn nù. Ó ti ń ṣiṣẹ́ náà bọ̀, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n irin ìdí rẹ̀ ń yọ̀ lórí táìlì, ó fẹ́ rọ́bà. Ó sì kúrú: bẹ́ ẹ bá dúró tẹ́ ẹ sọ apá sílẹ̀, ibi tí ẹ ó ti dì í mú yẹ kó dé ọrùn ọwọ́ yín. Eléyìí ń tẹ̀ yín, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní arúgbó, kì í ṣe ọ̀pá. Ní balùwẹ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó fọṣẹ bọ́jú, kí ilẹ̀kùn lè sinmi. Kí iná kékeré tó ń gba ṣájì wà létí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, kí oníṣẹ́ tó dé, ẹ di tábìlì tí ẹ fi ń gé pépà mú, ojú là sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé ìkejì. Ara máa ń kọ́ ohun tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, kódà lọ́jọ́ orí yín. Ẹ sì jìnnà sí gọ́tà tí sílábù rẹ̀ ti kán yẹn. Àtijọ́ lẹ máa ń fò ó. Láti Ladi-Lak, ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ò jìnnà. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀yin ò lọ sógun, ẹ má jẹ́ kí gọ́tà gbé yín débẹ̀.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá rí dókítà. Ẹ wọ bàtà tó ní okùn lẹ́yìn, kì í ṣe sílípáàsì. Rọ́bà ìdí agboòrùn wà lọ́wọ́ mi, mo ti rà á. N ó san owó kẹ̀kẹ́ àlọ, ẹ̀yin ẹ san ti àbọ̀, ẹ má sì bá oníkẹ̀kẹ́ jà lórí ọgọ́rùn-ún náírà níwájú ilé ìwòsàn. Bí dókítà bá béèrè nípa Malt, ẹ má dáhùn. Èmi àti ìyàwó yín ti ka ìgò.

Èmi ni ọmọ iṣẹ́ yín àná,
Èkìtì oníyán.